Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Fagi Lé Ìwé Àdéhùn Dúkìá Lẹ́yìn Ìgbéyàwó ní Ìpínlẹ̀ Texas

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí dúkìá kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ni ọkàn wọn máa ń yí padà tó bá yá, nígbà tí ọmọ bá ti dé, tí wọ́n ti jọ ra ilé, tí owó oṣù àwọn méjèèjì sì ti ń wọ àpò kan náà. Fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Houston, ní Dallas àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Texas, òfin fàyè gba kí wọ́n fagi lé irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò sì le. Ibi tí ó ti máa ń le ni ọ̀rọ̀ dúkìá tí wọ́n ti kó jọ láàárín ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìfagilé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí kọ ọ́ sínú ìwé.

Abala 4.005 nínú Òfin Ẹbí Texas ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà: lẹ́yìn ìgbéyàwó, kò sí ohun tí ó lè yí àdéhùn náà padà tàbí kí ó fagi lé e bí kò ṣe ìwé àdéhùn mìíràn tí ọkọ àti ìyàwó jọ fọwọ́ sí. Kò pọn dandan kí ẹnì kan san owó tàbí ohunkóhun fún ẹnì kejì kí ìwé tuntun náà tó múlẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ẹ bá pe ẹbí méjèèjì jọ, tí pásítọ̀ tàbí àlùfáà gbàdúrà, tí ọkọ sì fa ìwé náà ya lójú gbogbo wọn, ẹ kò tíì fagi lé nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lójú àwọn àgbà ti múlẹ̀ nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n níwájú adájọ́ Texas, ẹ̀dà tí ó wà ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ṣì lágbára bí ó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wá ìwé àkọ́kọ́ náà jáde pẹ̀lú àtúnṣe èyíkéyìí tí ó ti bá a, kí ẹ sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn àdéhùn kan ti sọ nínú ara wọn bí a óò ṣe yí wọn padà, àwọn mìíràn sì ti dá ọdún tí agbára wọn yóò dópin, bóyá tìrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ó ní àti gbogbo gbèsè tí ó jẹ: orúkọ ẹni tí ó wà lórí ìwé, ọjọ́ tí a rà á, àti ibi tí owó tí a fi rà á ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ibi tí ìṣòro máa ń wà wò. Ọkọ kan ti ní ilé kan tí ó ń fi háyà ní Houston kí ó tó gbé ìyàwó. Ní Texas, ilé tí ènìyàn ti ní ṣáájú ìgbéyàwó, tí ó jogún, tàbí tí a fi ta á lọ́rẹ jẹ́ dúkìá àdáni, ṣùgbọ́n owó háyà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń mú wọlé lẹ́yìn ìgbéyàwó jẹ́ dúkìá àjọni tọkọtaya, àfi bí àdéhùn bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn wọn sọ pé ti ọkọ nìkan ni owó háyà náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ fi owó náà ra ilé kejì. Ní báyìí, àwọn méjèèjì fẹ́ fagi lé àdéhùn. Ta ni ó ni ilé kejì? Bí ìwé ìfagilé bá kàn sọ pé "a fagi lé àdéhùn wa," agbẹjọ́rò ìyàwó lè sọ pé ṣe ni ó dà bí ẹni pé àdéhùn náà kò wáyé rí, agbẹjọ́rò ọkọ yóò sì dáhùn pé láti ọjọ́ ìfagilé síwájú nìkan ni. Irú àríyànjiyàn yìí lè jẹ owó púpọ̀ ní kóòtù. Nítorí náà, ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ gbangba bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó ni ìfagilé náà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí láti ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i, kí ó sì dárúkọ ilé kejì náà pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀.

Bí ọkọ yìí bá tún fẹ́ kí ilé àkọ́kọ́ di ti àwọn méjèèjì, ìfagilé nìkan kò lè ṣe é, nítorí dúkìá àdáni ni ilé náà ì bá jẹ́ bí kò tilẹ̀ sí àdéhùn kankan. Láti ọdún 2000 ni òfin Texas ti gba tọkọtaya láyè láti sọ dúkìá àdáni di àjọni. Ìwé náà gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì, kí ó dárúkọ dúkìá náà, kí ó sì sọ pé a ń sọ ọ́ di dúkìá àjọni. Fífi orúkọ ìyàwó kún ìwé ilé nìkan kò tó. Òfin tún pèsè ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan tí a lè fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ sínú ìwé náà, tí ó sọ pé olówó tí ẹnì kejì jẹ ní gbèsè lè nawọ́ sí dúkìá náà, pé àṣẹ lórí rẹ̀ lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀, àti pé apá kan rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá nígbà ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ikú. Ẹ má ṣe fò ó. Ẹ jókòó, kí ẹ kà á sókè fún ara yín. Bí ilé tàbí ilẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí nótárì fi òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní county tí ilé náà wà.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ní okòwò tí ó kún fún gbèsè, tàbí tí ó ní ọmọ láti ìgbéyàwó ìṣáájú, kò yẹ kí ó fagi lé gbogbo àdéhùn náà. Àtúnṣe sí ibi tí ó ń dùn wọ́n ti tó, abala òfin kan náà ni ó sì fàyè gba ìyẹn.

Kí ọkọ ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, kí ìyàwó náà ní tirẹ̀. Òfin kò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ẹni tí agbẹjọ́rò tirẹ̀ ti ṣàlàyé ìwé fún láti sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n fi mú òun. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú nótárì bí Texas kò tilẹ̀ béèrè fún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ní New York kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré rárá: ní 1997, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà kọ àdéhùn tọkọtaya kan tì, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ gbà ní kóòtù pé àwọn fọwọ́ sí i, nítorí pé wọn kò ṣe é lọ́nà tí a ń gbà jẹ́rìí sí ìwé ilẹ̀.

Àwọn ìwé mìíràn wà tí ìfagilé yìí kò kàn. Bí ìwé ìhágún yín bá tẹ̀ lé àdéhùn àtijọ́, ẹ tún un kọ. Ẹ wo orúkọ ẹni tí yóò gba owó adójútòfò. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì 401(k), bí ìyàwó bá ti fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda lẹ́yìn ìgbéyàwó pé kí owó ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìwé ìyọ̀ǹda náà ṣì dúró níbi iṣẹ́ títí tí a óò fi pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kò ní yí orúkọ padà nítorí ìwé Texas. Òfin Nàìjíríà ni ó ń darí rẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì béèrè fún ìfọwọ́sí gómìnà kí ẹ̀tọ́ tí ìwé C of O fún ènìyàn tó lè kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fagi lé e tí ẹnì kejì kò gbà, kò sí ìfagilé. Ohun tí ó kù ni kí ó lọ fi hàn ní kóòtù pé òun kò fi tinútinú fọwọ́ sí àdéhùn náà, tàbí pé ìrẹ́jẹ gbáà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n fi dúkìá àti gbèsè pa mọ́ fún òun, òun kò sì ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun kò kọ̀wé pé kí wọ́n má sọ fún òun. Òfin Texas kì í ka àkókò tí a fún ènìyàn láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó ṣì wà, nítorí náà ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní àyè láti kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ: ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé náà fún un, bí ó ṣe sún mọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó tó, àti lẹ́tà tàbí àtẹ̀ránṣẹ́ èyíkéyìí tí ó kọjá láàárín wọn ní ọ̀sẹ̀ náà.