Bí A Ṣe Ń Sàmì Sí Tábìlì Sínúkà Lẹ́yìn Tí A Bá Pààrọ̀ Aṣọ Rẹ̀

Aṣọ tuntun ti wà lórí tábìlì, ó sì le dáadáa, àmọ́ ẹ má tíì pe àwọn tí yóò fi igi gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ìlà àti ojú àmì, ìyẹn ibi tí a máa ń gbé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan lé, ló kù. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ yẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni yóò máa jìyà rẹ̀ títí aṣọ náà yóò fi gbó, nítorí pé àmì orí aṣọ kò ṣeé nù bí ti ojú pátákó.

Tábìlì ńlá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 ni a ń sọ nípa rẹ̀. Ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 8½, ìyẹn mìlímítà 3569. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 10, ìyẹn mìlímítà 1778. Òfin gbà kí ó fi ìdajì íǹṣì lé tàbí dín, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọn tiyín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Kì í ṣe ara igi. Imú rọ́bà etí tábìlì ni, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kàn án gan-an. Imú yìí yọ síta lókè ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé sùkúwíà káfíńtà dúró lórí aṣọ, kí ó kan imú rọ́bà, kí ẹ sì wọn láti ẹsẹ̀ sùkúwíà náà. Ìdí nìyí tí a kì í fi í sàmì kí a tó dá rọ́bà tí a ti fi aṣọ tuntun bò padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá aṣọ, kí ẹ sì lọ̀ ọ́, kí ẹ tó mú ṣọ́ọ̀kì. Láti ìdí tábìlì, níbi tí a ti ń ṣí eré, lọ sí orí rẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù dúdú ń wà, ni kí ẹ darí búrọ́ọ̀ṣì àti áyọ́ọ̀nù sí. Bí irun aṣọ náà ṣe sùn nìyẹn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ó ń dán tí ẹ bá ń lọ sí orí, ó ń kọ ọwọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ́ aṣọ náà ti yí i pa dà, kí ó wá tún un ṣe ná.

Ẹ wá àárín fífẹ̀ tábìlì ní ìdí àti ní orí, kí ẹ sì ta okùn òwú láàárín méjèèjì. Ẹ má fa ìlà síbẹ̀ o, okùn nìkan ni. Orí okùn yìí ni ojú àmì bọ́ọ̀lù búráùn, búlúù, píǹkì àti dúdú yóò wà.

Dúdú jìnnà sí rọ́bà orí ní íǹṣì 12¾, ìyẹn mìlímítà 324. Búlúù wà ní àárín gbùngbùn gígùn tábìlì. Píǹkì wà ní ìdajì ọ̀nà láàárín búlúù àti rọ́bà orí, nǹkan bí íǹṣì 35⅛ sí rọ́bà náà.

Ìlà tó dábùú tábìlì jìnnà sí rọ́bà ìdí ní íǹṣì 29, ìyẹn mìlímítà 737. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ọ̀tún, ní òsì àti ní àárín kí ẹ tó fi igi gígùn tó tọ́ fà á. Ibi tí ó ti gé okùn kọjá ni ojú búráùn. Fún ààbọ̀ òbìrí tó dà bíi lẹ́tà D, ẹ lu ihò méjì sí igi pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n fi íǹṣì 11½ jìnnà síra, ìyẹn mìlímítà 292. Píìnì wọ ihò kan lórí ojú búráùn, pẹ́ńsù wọ ìkejì. Òkúta síléètì ló wà lábẹ́ aṣọ, píìnì kò ní wọlé, nítorí náà kí ẹnìkan di orí igi mú ṣinṣin nígbà tí ẹlòmíràn bá ń yí i. Ẹ̀yìn D kọjú sí rọ́bà ìdí. Tí ẹ bá dúró ní ìdí tí ẹ kọjú sí orí, igun ọ̀tún ni ti yẹ́lò, ti òsì ni ti gíríìnì.

Ẹ yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ tó mú un le. Láti igun D kọ̀ọ̀kan sí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 23½. Ẹ tún ta okùn láti ihò igun orí lọ́tùn-ún sí ihò àárín lósì, kí ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀ náà. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, ojú píǹkì ni.

Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ tó mú ni mo fara mọ́ jù, tàbí pẹ́ńsù fífẹ́lẹ́. Bíró àti máákà máa ń tàn sínú òwú aṣọ.

Fún tábìlì kékeré, ẹ mú ìdá márùn-ún gígùn fún ìlà, ìdá mẹ́fà fífẹ̀ fún àlàfo ihò méjèèjì tí a fi ń yí D, ìdá mọ́kànlá gígùn fún dúdú. Tábìlì tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 66 sí 33 yóò gba 13¼ fún ìlà ní ìfojúwọ̀n, 5½ fún D, àti 6 fún dúdú.

Tí ìlà bá ń parẹ́, ẹ tún un fà lórí ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá tún aṣọ náà fà kí ó le, gbogbo àmì ti sún pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn: ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láti imú rọ́bà.