Mélòó Ló Kù? Àlọ́ Ẹ̀tàn Mẹ́fà ní Sábó

Àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n ń pa fún wa nílé ìyá àgbà n'Ífẹ̀, mo mọ̀ ọ́n já. Ẹ ní kí ló kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba, kí ẹ tó panu dé ni màá ti dáhùn pé àgbàrá òjò. Ìyẹn ni mo fi fọwọ́ sọ̀yà nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 13, ní òun ní ìbéèrè mẹ́fà. Wọ́n ti mú iná lọ ní Sábó, fàráńdà la jókòó sí. Bí mo bá gba mẹ́ta, á fọ aṣọ mi. Bí n kò bá gbà á, màá ra dòdò Ìkirè.

“Bọ̀ọ̀dá mi, àgbẹ̀ kan ní àgùntàn mẹ́tàdínlógún. Gbogbo wọn kú àfi mẹ́sàn-án. Mélòó ló kù?”

Mo ní mẹ́jọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́sàn-án tí kò kú ló kù! Orúkọ mẹ́tàdínlógún fúnra rẹ̀ ti yọ mẹ́ta kúrò nínú ogún, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí èmi náà máa yọ lọ.

Ìkejì: ìwé àti báírò jẹ́ ₦110, ìwé sì fi ₦100 wọ́n ju báírò lọ. Mo ní ₦10 ni báírò. ₦5 ni, torí bí báírò bá jẹ́ ₦10, ìwé á jẹ́ ₦110, àpapọ̀ á di ₦120.

Ìkẹta ló dùn mí jù. “Ọmọ wo ni Mórèmi fi san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ fún odò Ọ̀ṣun?” Mo ké “Olúorógbo!” Ó ní Ẹsìnmìrìn ni odò náà. Èmi ọmọ Ifẹ̀, tí mò ń kọjá níwájú ère Mórèmi tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016! Orúkọ Mórèmi ni etí mi gbọ́, n kò yẹ odò wò. Erickson àti Mattson ṣe irú rẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1981: ẹranko mélòó nínú irú kọ̀ọ̀kan ni Mósè kó wọnú ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn ní méjì, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé Nóà ni.

Ó wá ku mẹ́ta, mo sì gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀. Mo ní kó máa rọra sọ ọ́, èmi náà á tún un sọ sókè, màá sì yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí n tó lanu. “Oṣù mélòó ló ní ọjọ́ 28?” Fébúárì ti dé orí ahọ́n mi kí n tó rí i pé kò sọ “nìkan”. Oṣù méjèèjìlá ló ní i. Kílò òwú àti kílò irin, èwo ló wúwo jù? Ọgbọọgba ni, mo gba ìyẹn láìmí.

Ó wá tẹ ti ìkẹfà sórí fóònù, láìsí àmì ohùn: “Mo ni igba meji. Mo fo okan. Igba melo lo ku?”

Irinwó ni Yorùbá ń pe igba lọ́nà méjì, torí náà igbá ni. Ṣùgbọ́n ṣé ó fọ́ ọ ni, àbí ó fọ̀ ọ́? Mo ní: “Bí o bá fọ́ ọ, ọ̀kan, bí o bá fọ̀ ọ́, méjì.” Ó ní ìdáhùn kan lòun fẹ́. A ń fa á síwá-sẹ́yìn títí ìyá rẹ̀ fi dá sí i láti kíṣíìnì: “Ṣebí a máa ń rán igbá tó bá fọ́. Méjì ló kù. Ìwọ ra dòdò, ìwọ fọ aṣọ, ẹ jẹ́ n gbádùn!”

Láàárọ̀ mo kó ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún un. Ó fọ ọ̀kan, ó ní òun ti parí. Mo bi í pé mélòó ló kù.

“Méjì náà ni, Bọ̀ọ̀dá mi.”