Ẹ bi ìyá àgbà kí ẹ tó kun fọ́tò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kun fọ́tò àtijọ́ tí a rí nínú àpótí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ rántí pé ṣe ni ẹ̀rọ kàn ń fojú díwọ̀n àwọ̀. Àlàárì àti ẹtù, dúdú ni méjèèjì máa ń rí nínú fọ́tò aláìláwọ̀. Mo kun ti ìyá àgbà lánàá, àlàárì wọn di búlúù! Wọ́n ní, "Aṣọ ta nìyí?" Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Tó bá jẹ́ DeOldify (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kun fọ́tò aláìláwọ̀) lẹ ń lò, tí fọ́tò sì ti gbó, ẹ dín render_factor (nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa tóbi tó nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kùn ún) kù. Àwọ̀ á túbọ̀ yọ. Bó bá sì jẹ́ pípọ́n rẹ́súrẹ́sú ti fọ́tò ayé àtijọ́ lẹ fẹ́, ImageMagick (ètò tí a ń tẹ àṣẹ fún láti tún àwòrán ṣe) ti tó. Àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

magick iya.jpg -sepia-tone 80% iya2.jpg

Ẹ wo "iya2" yẹn dáadáa o. Bí ẹ bá fi "iya" síbẹ̀, ojúlówó ti lọ nìyẹn.