Ẹ kọ́kọ́ wá ògbufọ̀: bí a ṣe ń ṣe sinimá ilẹ̀ òkèèrè lábúlé

Àìsíná kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú ẹgbẹ́ sinimá abúlé ká. Fíìmù á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ òyìnbó á máa kọjá wéréwéré nísàlẹ̀ rẹ̀, àgbà ò lè kà á, ọmọ ilé ìwé ò sì lè kà á yá tó. Kí fíìmù tó dé ìdajì, èrò á ti lọ tán. Torí náà, kí ẹ tó náwó lórí ẹ̀rọ kankan, ẹ wá ẹni tó máa di gbohùngbohùn mú, tí á máa fi Yorùbá sọ ohun tó ń lọ. Ní Uganda, iṣẹ́ òòjọ́ nìyí: àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ ló ń fi èdè Luganda túmọ̀ fíìmù fún èrò bó ṣe ń lọ lọ́wọ́.

Ẹni tó ń ṣe alága ìdúró níbi ìdána, tàbí ẹni tó mọ àlọ́ pa, ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí èrò lè mọ ohùn ta ni wọ́n ń gbọ́. Kí wọ́n wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, kí wọ́n kọ àkókò, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti kókó ọ̀rọ̀ sórí ìwé. Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù Abbas Kiarostami ti 1987 láti Iran, èyí tó dá lórí ọmọ tó ṣèèṣì gbé ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ìlà kan lórí ìwé ògbufọ̀ lè jẹ́: “Ọmọ sí ìyá rẹ̀: Ìwé ọ̀rẹ́ mi ni mo gbé, wọ́n á bá a wí lọ́la.” Ọmọ náà á tún un sọ títí, kí ògbufọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó dákẹ́. Ohùn ọmọ yẹn á ṣe ìyókù. Ògbufọ̀ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́ burú ju kó má sí ògbufọ̀ lọ.

Fíìmù àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 lọ, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má sì pọ̀. Ti Kiarostami yẹn, ìṣẹ́jú 83 ni. Yaaba tí Idrissa Ouédraogo ṣe ní Burkina Faso ní 1989 tún dára gan-an: ọmọdékùnrin kan bá ìyá arúgbó tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ṣọ̀rẹ́. Ta ni wọ́n fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún lábúlé wa?

Tí fáìlì .srt bá wà, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀ fún àwọn tó lè kàwé. Ẹ fi pamọ́ ní UTF-8, ọ̀nà ìfipamọ́ tó gba àmì Yorùbá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ á di àmì ìbéèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ tàbí yá ju ẹnu lọ, G àti H ni ẹ máa tẹ̀ nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tó bá bára mu níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń yà sí i, frame rate, ìyẹn iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni kò dọ́gba: 25 àti 23.976 á ti fi ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ yà lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Subtitle Edit tún un ṣe nílé.

Rírà DVD tàbí sísanwó Netflix kò fún yín láṣẹ láti fi fíìmù han gbogbo ayé. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín lóṣù bíi méjì ṣáájú, kí ẹ sọ iye èrò, kí ẹ sì sọ bóyá ọ̀fẹ́ ni; àwọn mìíràn máa ń dín owó kù fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè.

Ẹ rí Baálẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ Orò, torí obìnrin ò ní lè jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ ọjà àti ìṣọ́ òru. Òṣùpá dára fún àtirìn padà sílé, ṣùgbọ́n ẹ kọ ojú aṣọ sí àríwá tàbí gúúsù kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa bọ́ sórí àwòrán. Aago 7:30 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ funfun tó fẹ̀ ní mítà 3 tó, pẹ̀lú aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Láìsí dúdú yẹn, ìmọ́lẹ̀ á kọjá, àwòrán á sì ṣú. Ẹ ki páìpù bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, kí etí ìsàlẹ̀ ga tó mítà kan ààbọ̀ kúrò nílẹ̀. Pirojẹ́kítọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3000 lumens (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì jìnnà sí aṣọ tó mítà 4 ààbọ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, èsúnsún á rọ́ tọ iná: ẹ tan gílóòbù funfun kan sí ìkángun pápá láti fà wọ́n lọ, torí fáànù pirojẹ́kítọ̀ á fà wọ́n mu.

Pirojẹ́kítọ̀ bíi wáàtì 300, kọ̀ǹpútà 65, súpíkà 150: àpapọ̀ ò ju 515 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour lè gbé e, bí ẹ kò bá jẹ́ kí ẹni tó ń ta ohun mímu so fíríìjì mọ́ ọn. Fíríìjì yẹn á fa iná sílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, pirojẹ́kítọ̀ á kú. Ẹ gbé jẹnẹ jìnnà tó mítà 30, sẹ́yìn ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín lọ kúrò lọ́dọ̀ èrò. Ẹ tú wáyà tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán pátápátá. Èyí tó bá ṣì wé máa ń gbóná débi pé rọ́bà á yọ́. Lítà 3 epo tó fún alẹ́ kan, ẹ rọ ọ́ kí ẹ tó tan án, ẹ má rọ epo sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Súpíkà méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ní gíga orí ènìyàn. Ẹ̀yìn súpíkà ni kí ògbufọ̀ dúró, kì í ṣe iwájú rẹ̀, nítorí bí gbohùngbohùn bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á máa súfèé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, kó dín ohùn fíìmù kù sí ìdajì tí ògbufọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, kó sì dá a padà kíá.

Bó bá parí, ẹ má béèrè “ṣé ó dùn?” Ẹ mú ibì kan: “kí ló dé tí ìyá yẹn ò gbọ́ ọmọ rẹ̀?” Fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé gbohùngbohùn fún obìnrin àti ọmọdé kí ẹ tó gbé e fún àgbà ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ pa pirojẹ́kítọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pa jẹnẹ títí fáànù pirojẹ́kítọ̀ á fi dákẹ́, kí gílóòbù inú pirojẹ́kítọ̀ má bàa jó. Ẹ ká aṣọ mọ́ ọ̀pá, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ojú ibi tó ṣẹ́ á hàn lórí àwòrán tó ń bọ̀.