Bí Mo Ṣe Wọn Agolo Màmá Mi

"Fùláwà agolo mílíìkì mẹ́wàá, ṣúgà agolo méjì, mílíìkì agolo kan, ẹyin mẹ́ta, bọ́tà pákẹ́ẹ̀tì kan." Bí màmá mi ṣe ka ohun èlò chin-chin rẹ̀ fún mi lórí fóònù láti Òṣogbo nìyẹn. Manchester ni mo wà, òṣùwọ̀n oní-gíráàmù sì ni mo ní nílé.

Mo ra mílíìkì alágolo irú èyí tí wọ́n ń lò. Gíráàmù 170 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ni mo bá ní ó ti yé mi: mẹ́wàá á jẹ́ 1,700. Mo pò ó, ó gbẹ bí iyanrìn, kò gbára jọ rárá. Mílíìkì ni 170 yẹn ń sọ, kì í ṣe fùláwà. Fùláwà fúyẹ́ jù ú lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo wá fọ agolo náà, mo gbé e lé òṣùwọ̀n lófìfo, mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá nọ́ńbà padà sí òdo, mo sì bu omi kún un dẹ́nu. Ó jẹ́ 168. Mìlílítà omi kan, gíráàmù kan ni, nítorí náà mìlílítà 168 ni agolo náà ń gbà. Mo nu ún gbẹ, mo fi ṣíbí bu fùláwà sí i díẹ̀díẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀: 88. Ó bá tàwọn ará Amẹ́ríkà mu, torí kọ́ọ̀bù wọn tó ń gba bíi mìlílítà 240, gíráàmù 120 sí 125 ni wọ́n ń ka fùláwà inú rẹ̀ sí. Ọkàn mi balẹ̀. Mo fi 880 pò ó. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè, nígbà tí mo sì dín in, òróró ló mu yó.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Oṣù Kejìlá, mo di òṣùwọ̀n náà sáàárín aṣọ nínú àpótí mi.

"Kí lo fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Ṣé èyí tí mò ń ṣe kò dáa ni?"

"Ó dáa púpọ̀, mà. Ẹ ṣáà máa bù ú bí ẹ ṣe máa ń bù ú."

Wọ́n ki agolo bọ inú àpò fùláwà títí tí ọwọ́ wọn fi wọlé dé ọrùn, wọ́n gbá a mọ́ etí abọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè ki, wọ́n tún bu lé e títí ó fi yọ òkè lórí, bí ìgbà tí alágbàtà gààrí bá ń fún oníbàárà tó mọ̀ dáadáa ní èènì. Mo ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan: 121, 118, 124, 119. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá já sí 1,204. Ohun tó kù sí tèmi lé ní 300!

Ó wá kan ṣúgà. Wọ́n bù ú, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ kúrò réré: 143. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí èyí kò yọ òkè.

"Ṣúgà wọ́n," ni wọ́n wí.

Bí ẹ bá fẹ́ gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ ìyá yín, ẹ má béèrè iye agolo nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bù ú lójú yín, ẹ sì wọn gbogbo èyí tí wọ́n bá bù, ẹ má ṣe wọn ọ̀kan kí ẹ wá fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀. Iyọ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ṣíbí kékeré ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí, torí òṣùwọ̀n tèmi kì í ka ohun tí kò tó gíráàmù kan.

Lóní, fùláwà 1,200 àti ṣúgà 286 ló wà lára ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi, bọ́tà 250 sì tẹ̀ lé e. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ṣe níbí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Mo pe màmá mi kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ku móínmóín, kóńgò ni àwọn sì fi ń wọn ẹ̀wà tiẹ̀.