Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Gé Pákó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì fọwọ́ kan ayùn; ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ká ní àpótí ìjókòó lẹ fẹ́ kàn fún ìyá alátà: ta ni yóò jókòó lé e, níbo, fún wákàtí mélòó? Ẹ kọ ìyẹn ná.

Ó kan ìwọ̀n. "Kó lágbára"? Mi ò ní fún un ní máàkì kankan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kó gbé ẹni 100 kg láì mì." Ẹ fi téèpù wọn màmá náà láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀; gíga ìjókòó nìyẹn. Bó bá jẹ́ 400 mm, ẹ fi kún un pé 5 mm lè lé tàbí kó dín.

Owó pákó ńkọ́? Ẹ lọ béèrè.

Lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bẹ́ ẹ ó ṣe dán an wò. Fún ti ẹrù, àpò sìmẹ́ǹtì méjì ti tó: 50 kg lọ̀kọ̀ọ̀kan.