A kì í fárí lẹ́yìn olórí: bí aláìsàn ọpọlọ ṣe lè lẹ́nu nínú ìtọ́jú ara rẹ̀

"Ṣé ó ń sùn dáadáa?" Dókítà ló béèrè, ìyá aláìsàn ló dáhùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tiẹ̀ kún un. Ẹni tó ni oorun jókòó sáàárín wọn, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023 ti fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá èèyàn wọ yàrá dókítà. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí.

Kó tó di ọjọ́ kílíníìkì, ẹ wá ìwé kékeré kan. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó máa kọ ọ́: wákàtí tó sùn, oògùn tó lò, èyí tí kò lò. Tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó sọ ọ́ sínú fóònù. Kó má gbàgbé láti kọ ohun tí oògùn ń ṣe sí ara rẹ̀. Nínú àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ, Haloperidol lè mú kí ara gan, tàbí kí ẹsẹ̀ má lè dúró jẹ́ẹ́. Olanzapine a máa mú èèyàn sanra. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ará ilé ń pè lólórí kunkun nítorí pé ó ń tu oògùn dànù, ohun tó ń sá fún nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o. Kó sọ ọ́. Dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀: Kí lorúkọ àìsàn mi? Ìgbà wo ni màá mọ̀ pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́? Tí mi ò bá fẹ́ ẹ, kí ló tún wà?

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé o fẹ́ kí n bá ẹ wọlé?" Mi ò ní kí ẹbí kúrò ńbẹ̀. Láyé Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn Aró, l'Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, inú abúlé ni àwọn aláìsàn kan ń gbé, ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé ibẹ̀. Kí ẹbí wà pẹ̀lú aláìsàn ni, kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù ló kù: ìwé ọjọ́ ìdààmú, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí aláìsàn fẹ́ kí wọ́n ṣe tí àìsàn náà bá tún dìde. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá ni kí ẹ kọ ọ́. Kó kọ àmì tó máa ń ṣáájú àìsàn náà, ilé ìwòsàn tó fẹ́, oògùn tó ti ṣe é níbi rí, ẹni tó máa tọ́jú ọmọ àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kó kọ ohun tí kò fẹ́ náà, bíi kí wọ́n fokùn dè é. Kó buwọ́ lù ú, kí ìbátan rẹ̀ kan tún buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà rẹ̀ wọ fáìlì ilé ìwòsàn.

Obìnrin kan fi tiẹ̀ hàn mí. Ìlà àkọ́kọ́ kà báyìí: "Tí mo bá ti ń fọ ilé láago méjì òru, ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi l'Óṣogbo. Ẹ má pe pásítọ̀."